Gbúre ni ìbátan kákítọ́ọ̀sì, kì í ṣe oró

Gbé ìkòkò kékeré kan tí Astrophytum asterias, irú kákítọ́ọ̀sì kan, wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Kútọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí o bi àwọn tó ń kọjá pé kí lèyí. Oró ni ọ̀pọ̀ wọn yóò pè é. Kò yani lẹ́nu, torí oró ló jọ jù lójú wa: kò ní ewé, ara rẹ̀ ki, omi ló kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bá oró tan. Gbúre tí wọ́n ń so ní ìdì-ìdì tà ní ọjà Láfẹ́nwá ni ìbátan rẹ̀ tòótọ́, àti pápásán tó ń hù lẹ́bàá gọ́tà tí ẹnikẹ́ni kì í bojú wò.

Ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ orúkọ lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ra kákítọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú oró inú ọgbà, wọ́n á gbé e síta kí òjò máa pa á, oṣù keje kò sì ní í pé kó tó jẹrà. Oró ilẹ̀ wa ti mọ òjò wa. Ẹni tí à ń wí yìí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Oje ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dá wọn mọ̀. Bí a bá fi abẹ́rẹ́ gún oró, oje funfun bíi wàrà yóò tú jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó dán an wò, ẹ má sì fọwọ́ kan ojú, nítorí oje yẹn lè ba ojú jẹ́. Ti Astrophytum kì í funfun, omi ara rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì ń yọ̀ díẹ̀. Àmọ́ oje nìkan kò tó ṣe ẹ̀rí. Àwọn kan wà nínú Mammillaria, tí wọ́n jẹ́ kákítọ́ọ̀sì láìsí àní-àní, tí oje tiwọn náà funfun.

Ẹ̀rí tí kì í tanni ni ojú. Bí iṣu ṣe ní ojú tó ti ń rú, bẹ́ẹ̀ ni kákítọ́ọ̀sì ní ojú káàkiri ara rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní areole, kò sì sí ewéko mìíràn lórí ilẹ̀ ayé tó ní irú rẹ̀. Ẹ̀ka ni ojú yìí, ẹ̀ka tó kọ̀ tí kò gùn, tó ká gbogbo ara rẹ̀ jọ sí ibi kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ ni òwú ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni ẹ̀gún, ọmọ tuntun àti òdòdó ti ń yọ. Ẹ̀gún kákítọ́ọ̀sì, ewé tó yíra padà ni. Ní ti ọ̀pọ̀ oró ẹlẹ́gùn-ún, méjì-méjì ni ẹ̀gún máa ń jáde láti orí ìpẹ́ líle kan, kò sí tìmùtìmù òwú kankan lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá kò ní í pé ìṣẹ́jú kan kó tó mọ èyí tó jẹ́.

Òdòdó ló wá parí ẹjọ́. Ohun tí a ń pè ní òdòdó oró, agbo òdòdó ni: ago kékeré kan, àwọn akọ inú rẹ̀ ní okùn kan péré lọ́kọ̀ọ̀kan, abo kan sì wà láàárín wọn. Òdòdó kákítọ́ọ̀sì tóbi, ewé òdòdó rẹ̀ pọ̀, okùn akọ inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré níye, ilé ọmọ rẹ̀ sì rì sínú ẹran ara ìtì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi máa rí òwú tàbí ìpẹ́ lára èso rẹ̀ nígbà míì. Ara ìtì ló bo èso náà.

Ẹ wo bí ojú ṣe lè tan ni jẹ tó. Ní àgbègbè Karoo ní Gúúsù Áfíríkà, oró kan wà tí ń jẹ́ Euphorbia obesa, tí Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko, fún lórúkọ ní 1903. Ó rí roboto, kò ní ẹ̀gún, ìhà mẹ́jọ ló sábà máa ń ní. Astrophytum asterias náà rí roboto, kò ní ẹ̀gún, ìhà mẹ́jọ ló sábà máa ń ní. Òkun Àtìláńtíìkì ló wà láàárín àwọn méjèèjì, kò sì sí baba ńlá tó sún mọ́ra tó bí wọn. Ọ̀dá ló gbẹ́ wọn bákan náà. Ara roboto ni kì í jẹ́ kí omi tètè sá, ìhà sì ni ara fi ń wú tó sì fi ń sún kì nígbà tí omi bá dé tàbí tó bá lọ, bí ìgbà tí a bá ń ṣí agbòòrùn tí a sì ń pa á. Ẹni tó bá tò wọ́n nípa ìrísí yóò so wọ́n mọ́ra. Bí òdòdó wọn bá yọ, àṣìṣe náà yóò hàn kedere.

Nínú ètò àwọn onímọ̀, oró wà ní ọ̀wọ́ Malpighiales, pẹ̀lú lápálàpá àti gbágùúdá tí a fi ń ṣe láfún. Ẹ ṣẹ́ ewé gbágùúdá, ẹ ó rí oje funfun kan náà. Ọ̀wọ́ Caryophyllales ni kákítọ́ọ̀sì wà, níbi tí tẹ̀tẹ̀, gbúre àti pápásán wà. Tẹ̀tẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí i. Gbúre àti pápásán ló sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí.

Ohun tó so wọ́n pọ̀ wà nínú ìsaasùn wa lójoojúmọ́. Nígbà tí a bá bọ tẹ̀tẹ̀ pupa, àwọ̀ tó ń wọ inú omi ni betalain. Nígbà tí a bá rẹ ìṣápá láti fi ṣe sóbò, àwọ̀ pupa tiẹ̀ ni anthocyanin. Pupa méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ewéko kan kì í ní méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ewéko ayé ni anthocyanin wà lára wọn, àwọn ẹbí kan nínú Caryophyllales nìkan ló ń lo betalain, kákítọ́ọ̀sì sì wà nínú wọn. Àwọ̀ òdòdó gbúre àti ti kákítọ́ọ̀sì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà dé.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti èémí. Ewéko tó pọ̀ jù ń ṣí ihò èémí rẹ̀ lọ́sàn-án, omi á sì máa gba ibẹ̀ sá lọ. Kákítọ́ọ̀sì ń ti tirẹ̀ lọ́sàn-án, ó ń ṣí i lóru, á gba afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù wọlé, á sọ ọ́ di ásíìdì pamọ́, ilẹ̀ á mọ́ kó tó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sè é. Gbúre tó ń rí omi ń mí lọ́sàn-án bí ewéko yòókù. Bí ọ̀dá bá mú un fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gba afẹ́fẹ́ lóru bíi kákítọ́ọ̀sì. Bí omi bá padà dé, á padà sí tọ̀sán. Ohun tí gbúre ń ṣe nígbà ìṣòro ni kákítọ́ọ̀sì sọ di ìṣe ojoojúmọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wo ẹni náà gan-an. Astrophytum asterias tó dàgbà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 15, gíga rẹ̀ kì í sì í ju 6 lọ. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdajì ọsàn tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀. Àwọn ìhà rẹ̀ kò ga, ìlà tóóró ló pín wọn bí ìlà inú ọsàn tí a bó. Mẹ́jọ ló wọ́pọ̀, bí a tilẹ̀ ń rí èyí tó dín tàbí tó lé. Àwọn ojú tò sí àárín ìhà kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí róbótó, òwú wọn funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ó bá ti gbó. Àwọn tóótòòtó funfun tún fọ́n ká gbogbo ara. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé kòkòrò tàbí olú ni, wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ìdì irun wẹ́wẹ́ ni tóótòòtó kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sì ti lọ lára ewéko náà kì í padà hù síbẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ máa ń jáde láti ojú tó wà ní ṣónṣó orí, ó pọ́n bí ìyeyè, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì pupa bí epo. Ọ̀sán ló ń là, oòrùn kíkan ló sì fẹ́ kó tó là dáadáa. Bí ọ̀dá bá pọ̀, gbogbo ara á sún kì wọlẹ̀ títí tí orí rẹ̀ yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, eruku á sì bò ó. Ẹni tó bá rí i báyìí nínú ìkòkò lè rò pé ó ti kú.

Aṣálẹ̀ oníyanrìn bíi Sàhárà kọ́ ló ti wá. Igbó ẹlẹ́gùn-ún kúkúrú ni ilé rẹ̀, ní Tamaulipas àti Nuevo León ní Mẹ́síkò, àti Starr County ní Texas, níbi tí òjò ọdún kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 500 lọ. Ti Abẹ́òkúta tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Abẹ́ ìgbẹ́ ló ń sá sí níbẹ̀, kì í ṣe gbangba oòrùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ní ìtàn. Ní 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, kó gbogbo kákítọ́ọ̀sì tó mọ̀ sí abẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, Cactus, tí ó yá láti inú èdè Gíríìkì, níbi tó ti jẹ́ orúkọ ewéko ẹlẹ́gùn-ún mìíràn pátápátá. Nígbà tí àwọn tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Amẹ́ríkà pọ̀ jù fún àpò kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín wọn. Karwinski rí ewéko wa yìí ní Mẹ́síkò ní 1843, Zuccarini, onímọ̀ ewéko, sì pè é ní Echinocactus asterias ní 1845. Ṣáájú ìyẹn, ní 1839, Lemaire, onímọ̀ ewéko mìíràn, ti dá agboolé Astrophytum (ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní genus) sílẹ̀ fún Astrophytum myriostigma. Ní 1868 ó mú asterias kúrò nílé tó wà, ó gbé e wá síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ báyìí: Astrophytum asterias (Zucc.) Lem. Orúkọ inú àkámọ́ ni ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ẹni tó gbé e wá sí agboolé tó wà nísinsìnyí. Agboolé ló ń ṣáájú, orúkọ ọmọ ló ń tẹ̀lé e. “Ewéko ìràwọ̀” ni Astrophytum túmọ̀ sí, asterias náà sì tún tọ́ka sí ìràwọ̀. Lẹ́yìn Karwinski, ewéko náà pòórá mọ́ àwọn olùṣọ̀gbìn Yúróòpù lọ́wọ́ títí Frič, ará Czech, fi tún rí i ní 1923.

Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé agboolé yìí kò pọ̀. Myriostigma sábà máa ń ní ìhà márùn-ún, ó dà bí fìlà bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì. Ornatum ga, ó sì ní ẹ̀gún líle. Ẹ̀gún capricorne gùn, ó sì lọ́ bí ìwo ewúrẹ́. Caput-medusae ni àbíkẹ́yìn nínú ìwé: 2002 ni wọ́n tó ṣàpèjúwe rẹ̀, ara rẹ̀ sì rí bí ìka gígùn tó dàrú débi pé àwọn tó rí i kọ́kọ́ dá agboolé tirẹ̀ sílẹ̀, Digitostigma. Wọ́n mú un wá sí Astrophytum ní 2003, òdòdó rẹ̀ sì jẹ́rìí sí i: ó pọ́n bí ìyeyè, ọ̀fun rẹ̀ pupa, bíi ti asterias. Nínú agboolé náà, èso ló ń pín wọn sí ojúlé méjì. Ti myriostigma àti ornatum ń là láti orí bí ìràwọ̀. Ti capricorne àti asterias ń já láti ìsàlẹ̀, irúgbìn á sì dà sílẹ̀ nídìí ìyá wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kó irúgbìn asterias gbọ́dọ̀ máa yọjú sí i lójoojúmọ́ bí èso rẹ̀ bá ti ń gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èèrà á kó gbogbo rẹ̀ lọ.

Ní ti títọ́jú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, iyẹ̀pẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìlú olókùúta ni wá, ẹ jẹ́ ká lò ó. Ẹ wá òkúta wẹ́wẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, èyí tí ẹyọ rẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 6. Ẹ jọ̀ ọ́ kí eruku rẹ̀ kúrò pátápátá, torí eruku òkúta tí kò bá kúrò á dì bíi sìmẹ́ńtì nídìí ìkòkò. Ẹ wọn agolo mílíìkì mẹ́rin òkúta yìí, méjì iyanrìn odò tó hanrunhanrun, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní ṣáápù sáǹdì, àti ẹyọ kan ilẹ̀dú tí ẹ ti jọ̀. Ẹ fọ iyanrìn náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Ẹ má lo iyanrìn tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, ó kúná jù, á sì dí gbogbo àyè tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Ìkòkò amọ̀ dára ju ike lọ níhìn-ín, nítorí ara rẹ̀ náà ń mí. Kó fẹ̀ ju ewéko lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 péré, kó sì ní ihò nídìí. Lẹ́yìn gbígbìn, ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ọrùn rẹ̀ yípo, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí omi má ba à dúró ti ara rẹ̀.

Ẹ má bomi rin ín lọ́jọ́ tí ẹ gbìn ín. Gbòǹgbò tó já ní ojú egbò, omi tó bá bá egbò náà ni àìsàn fi ń wọlé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje.

Láti mọ ìgbà tó yẹ kí a bomi rin ín, ẹ ki ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kan bọ iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìdí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yọ ọ́. Bí ó bá tutù tàbí bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ burú ju omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí sábà máa ń bọ́ sí ọjọ́ 10 sí 14. Nígbà òjò, afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ìkòkò kì í tètè gbẹ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì lè kọjá láàárín omi méjì. Láti oṣù kẹrin títí di òpin oṣù kẹwàá, abẹ́ òrùlé ni kó wà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá. Ìsinmi òjò inú oṣù kẹjọ máa ń tan ènìyàn láti gbé e síta. Ẹ má ṣe é, òjò oṣù kẹsàn-án ṣì ń bọ̀.

Ẹ rántí abẹ́ ìgbẹ́ tó ti wá. Oòrùn òwúrọ̀ títí di agogo mọ́kànlá dára fún un. Èyí tó ti pẹ́ lábẹ́ fàráǹdà tí a wá gbé sínú oòrùn ọ̀sán lójijì yóò jóná, àpá funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú ni yóò kọ́kọ́ yọ, àpá náà kì í sì í lọ mọ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì mú oòrùn mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ máa fi wákàtí díẹ̀ kún un.

Ìbẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ní ni pé ìdí rẹ̀ ti di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá le bí èèpo igi, ọjọ́ orí ni, ẹ má dà á láàmú. Bí ó bá rọ̀, tàbí tí gbogbo ewéko ń mì nínú ìkòkò, ó ti ń jẹrà. Ẹ hú u, ẹ fi ọ̀bẹ tí ẹ ti fi sípírítì nù gé e láti ìsàlẹ̀, ẹ máa gé títí àmì pupa kankan kò fi ní í sí nínú ẹran rẹ̀ mọ́, ẹ sì máa nu ọ̀bẹ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gé e. Asterias kúrú, ohun tó bá ṣẹ́ kù kì í fi bẹ́ẹ̀ ta gbòǹgbò. Ohun tó dára jù ni kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìtì dragon fruit, tí òun náà jẹ́ kákítọ́ọ̀sì. Ẹ gé orí ìtì náà kó tẹ́, ẹ gbé orí asterias lé e kí òrùka àárín àwọn méjèèjì kan ara wọn, ẹ fi rọ́bà dè é, ẹ gbé e sí ibòji fún ọjọ́ mẹ́wàá láìjẹ́ kí omi kan ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ mọ́ra. A kò lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ oró. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.

Kòkòrò funfun tó dà bí òwú máa ń sá sínú ìlà tó pín àwọn ìhà, ó sì ṣòro láti rí láàárín tóótòòtó funfun. Èyí tó bá ń rìn tàbí tó bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ ni kòkòrò. Ẹ fi ṣónṣó búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ ki bọ sípírítì kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ìgbín náà ń jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ òjò, ẹ gbé e sókè.

Irúgbìn nìkan ni ọ̀nà tó dájú láti mú un pọ̀, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ bímọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òdòdó kan kò lè gba ìyẹ̀fun akọ ti ara rẹ̀, ẹni méjì tí irúgbìn wọn yàtọ̀ la nílò. Lọ́jọ́ tí méjèèjì bá là pọ̀, ní ọ̀sán gangan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kó ìyẹ̀fun lára okùn akọ èyí, ẹ fi kan ojú abo tìyẹn. Bí myriostigma bá wà nítòsí, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀, torí oyin lè gbé ti ọ̀kan wá bá èkejì, wọ́n sì tètè máa ń gba ara wọn. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ wá á ní ìhà tó ga jù, ẹni tó bá rà á lábẹ́ orúkọ asterias ni a sì ti rẹ́ jẹ.

Irúgbìn rẹ̀ tóbi ju ti ọ̀pọ̀ kákítọ́ọ̀sì lọ, ó dúdú mọ́ pupa, ó ń dán, ó sì ní ihò ńlá bí àṣíborí. Ẹ gbìn ín nígbà tó ṣì tuntun. Ẹ fi oru omi gbígbóná se iyẹ̀pẹ̀ kan náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tẹ́ irúgbìn sórí rẹ̀, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀rá funfun bo ìkòkò náà. Pẹ̀lú ooru ìlú wa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò ti hù, wọ́n á rí bí ìlẹ̀kẹ̀ tútù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀rá náà díẹ̀díẹ̀, torí bí ọ̀rinrin bá pẹ́ jù, olú á gbé gbogbo wọn lóru ọjọ́ kan. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kí ẹ máa retí òdòdó.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, èyí tí wọ́n gbìn láti inú irúgbìn ni kí ẹ béèrè. Èyí tó wà nínú igbó ti dínkù gan-an. Ó wà ní ìpele àkọ́kọ́ nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko igbó, tí Nàìjíríà náà fọwọ́ sí, Amẹ́ríkà sì ti kà á mọ́ àwọn ewéko tí ìparun ń dẹ̀rùbà láti 1993. Àwọn tó ń wá peyote, kákítọ́ọ̀sì mìíràn tó jọ ọ́, nínú igbó kan náà tilẹ̀ máa ń ṣì í hú. Ìwé àṣẹ ni ẹnikẹ́ni nílò kó tó gbé e tàbí irúgbìn rẹ̀ kọjá bodè. Èyí tí wọ́n gbìn sábà máa ń dọ́gba, ara rẹ̀ mọ́. Èyí tí wọ́n hú nínú igbó ní àpá, ìdí rẹ̀ ti le, àwọn gbòǹgbò rẹ̀ sì ti já.

Bí ẹ bá gbin tiyín, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ rẹ̀, ti àwọn òbí méjèèjì àti ọjọ́ tí ẹ gbìn ín sórí ike pẹlẹbẹ, ẹ rì í sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò. Kí ẹ má fi bíírò kọ ọ́, oòrùn á pa á rẹ́ kí ọdún tó yí po.